Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Ibo Ni Kí Ẹgbẹ́ Máa Sọ̀rọ̀, Ibo Ni Kí Ó Máa Kọ Ọ́ Pamọ́ Sí?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jẹ mọ́ èlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ mọ́ owó ìpín. Ó jẹ mọ́ ibi tí ẹgbẹ́ ti ń sọ̀rọ̀, àti ibi tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó gbé wa dé ìdí rẹ̀.

Wọ́n pè wá sí ẹgbẹ́ kan báyìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, pé kí a wá bá wọn parí ìjà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó, kò san án tán, ìgbìmọ̀ sì di owó ìfipamọ́ onídùúró rẹ̀ mú. Onídùúró yìí, ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta èlùbọ́, sọ pé ìlọ́po méjì owó tí ọmọkùnrin náà fi pamọ́ ni òun mọ̀ pé òun dúró fún, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹgbẹ́ wí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ yá a. Ìgbìmọ̀ ní àwọn ti yí òfin náà padà. Níbo? Lórí WhatsApp. Nígbà wo? Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ tí òjò kò jẹ́ kí ìpàdé jókòó. Ta ló fọwọ́ sí i? Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi àtàǹpàkò sí i. A ní kí wọ́n fi hàn wá. Fóònù akọ̀wé ti bọ́ sómi. Alága ti pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ kí fóònù rẹ̀ lè ráyè mí. Àwọn tó kù wá a títí, àwòrán ìgbéyàwó àti "ẹ kú ọjọ́ ìbí" ni wọ́n ń bá pàdé. Ìyá náà fúnra rẹ̀ kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, owó tirẹ̀ ni wọ́n dì mú.

A padà délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. A bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bóyá ẹgbẹ́ kan wà láyé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí ara wọn sójú rí, tí ó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ìjíròrò wọn, tí iṣẹ́ wọn kò sì dàrú. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní open source ni. Ohun tí ojú wọn ti rí, àti bí wọ́n ṣe ń yan ohun èlò tí wọn yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni a fẹ́ kọ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà ni àwọn àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀, tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń fi àwọn àṣẹ yìí pamọ́ bí ẹni fi egbòogi pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń tẹ́ tiwọn sí gbangba: ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, ó lè lò ó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kọ ìwé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ pé òun ń ṣe irú ètò kan, pé eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán ni. Ètò náà ni Linux. Lónìí, òun ló wà nínú ikùn gbogbo fóònù Android tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó sápò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló sì ti fi ọwọ́ kún un.

Ẹ ó rí i pé ó jọ tiwa. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oníkálukú mú agbára rẹ̀ wá, èrè iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ o: nínú ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn alábòójútó díẹ̀ ló ń pinnu, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan ìbò kan bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ìṣòro tiwọn ju ti àwọn baba wa lọ níbì kan. Àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 lè wo ara wọn lójú nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Toad Lane. Àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ohun tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ SÍSỌ YÀTỌ̀ SÍ ÌPINNU

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyà kọ́ wọn ni pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe irú kan náà. Ìtàkùrọ̀sọ wà: "Ta ló wà ńlẹ̀? Ẹ̀rọ mi kò gbà á, kí ni kí n ṣe?" Irú èyí ń fẹ́ ìdáhùn kíá, bó bá sì parẹ́ lọ́la, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Láti ọdún 1988 ni Jarkko Oikarinen, ọmọ ilẹ̀ Finland bákan náà, ti ṣe ètò kan tí ń jẹ́ IRC fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń lo irú yàrá ìtàkùrọ̀sọ bẹ́ẹ̀. Ìpinnu sì tún wà: kí ni a óò ṣe, ta ni yóò ṣe é, kí ni a kò ní ṣe, kí ni ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ lè rí èyí kà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tí ń ṣe Apache ló ṣe òfin tó le jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò tí ń fi ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ ni Apache. Ọdún 1995 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nípa kíkọ íméèlì sí ara wọn. Ní ọdún 1999 wọ́n sọ ọ́ di àjọ tí ìjọba mọ̀. Òfin wọn ni pé ohunkóhun tí kò bá gba orí íméèlì ẹgbẹ́ kọjá, a kà á sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ènìyàn méjì lè pàdé nílé oúnjẹ kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e wá sí ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń kà á kí ó tó di ìpinnu. Bí wọ́n bá ń dìbò, ẹni tó gbà á yóò kọ +1, ẹni tí kò gbà á yóò kọ -1. Bó bá sì jẹ́ pé ètò náà gan-an ni wọ́n fẹ́ yí padà, ẹni tó kọ -1 gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ iṣẹ́. Ó yẹ kí ìbò náà wà ní ṣíṣí fún ó kéré tán wákàtí 72.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 72? Nígbà tí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà bá ń jí, ẹni tó wà ní Japan ń lọ sùn. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ oṣù tí wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíràn wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú ọmọ. Ọjọ́ mẹ́ta yóò jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí lè dé. Ẹ wá fi èyí wé ìgbìmọ̀ wa tó yí òfin padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí òjò ń rọ̀. (Ká tilẹ̀ fi ti WhatsApp sílẹ̀ ná, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í yí padà láìjẹ́ pé ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí i, kí a sì fi àtúnṣe náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà tí ìjọba yàn lórí àwọn ẹgbẹ́. A ti kọ́ yín ní èyí rí, a óò tún máa kọ́ ọ.)

Ẹ má sì rò pé gbangba ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan sí. Apache ní íméèlì ìkọ̀kọ̀ fún ọ̀rọ̀ tó bá kan ìwà ènìyàn kan pàtó, àti fún àléébù tí olè lè gbà wọlé kí a tó tún un ṣe. A fẹ́ kí àwọn akọ̀wé wa gbọ́ èyí dáadáa, nítorí a ti rí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn ajigbèsè àti iye gbèsè wọn sójú WhatsApp kí gbogbo ayé lè rí i. Bí a ṣe ń yá owó ni ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó jẹ gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, òun fúnra rẹ̀ àti onídùúró rẹ̀.

ẸNI TÍ ỌWỌ́ RẸ̀ KÚRÚ JÙ

Títí di òní olónìí, ẹni tó bá fẹ́ fi àtúnṣe kún Linux, íméèlì ló ń fi í ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń rẹ́rìn-ín sí i pé nǹkan àtijọ́ ni. Íméèlì náà tilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwọ̀, láìsí ọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá fi ọ̀ṣọ́ sí i, ẹ̀rọ tó ń gba ìwé ẹgbẹ́ yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Íméèlì kò jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó lè lò ó. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wá tó ń lọ lè gba gbogbo ìwé ní òwúrọ̀, kí ó kà á ní ọ̀sán tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó sì fi èsì ránṣẹ́ ní alẹ́. Afọ́jú tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè lè gbọ́ ọ. Wọ́n sì ń tọ́jú àwọn ìwé náà síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá wọn rí láìsan kọ́bọ̀.

Kì í ṣe pé íméèlì kò ní àléébù. Ní òpin àwọn ọdún 1990, nígbà tó jẹ́ pé Torvalds nìkan ni gbogbo ìwé ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àtúnṣe tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ ń sọnù. Wọn yóò tún fi ránṣẹ́, yóò tún sọnù. Bí ọ̀nà bá gbòòrò títí, tó wá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sẹ́nu ibodè, èrò yóò há síbẹ̀ ni. Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó pín ẹrù náà ló gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ohun èlò mìíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ yìí.

TA LÓ NI ILÉ TÍ Ẹ Ń GBÉ?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ní ọdún 2002, àwọn tí ń ṣe Linux bẹ̀rẹ̀ sí lo ohun èlò kan tí ń jẹ́ BitKeeper láti fi tọ́jú iṣẹ́ wọn: gbogbo àtúnṣe, ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ìdí tó fi ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan ló ni BitKeeper. Títà ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ gbangba, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó bá ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ máa ṣe irú rẹ̀. Ohun èlò náà dára. Torvalds fúnra rẹ̀ yìn ín. Àwọn kan kígbe nígbà náà pé kò yẹ kí iṣẹ́ gbangba máa gbé nínú ilé tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọn kò dá wọn lóhùn.

Ọdún mẹ́ta péré ló gbà. Nígbà tó di ọdún 2005, ẹnì kan tó ń jẹ́ Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bí BitKeeper ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó lè ṣe ohun mìíràn tí yóò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Inú bí ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú ọwọ́ ọ̀fẹ́ wọn kúrò. A kò bá wọn jà lórí ìyẹn o. Ohun ìní wọn ni, wọ́n sì ti sọ àdéhùn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Torvalds fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun èlò tiwọn fúnra wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohun èlò náà ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ó pè é ní Git, kò sì sí ẹni tó tún lè gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí gbangba ni wọ́n tẹ́ òun náà sí.

Ohun tó wà nínú Git tó wù wá jù nìyí. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà iṣẹ́ náà, gbogbo ìtàn rẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe ti òní nìkan. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tí a ti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti àmì èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣírò. Bí ẹnì kan bá yọ́ lọ yí ohun àtijọ́ padà, gbogbo àmì tó tẹ̀ lé e ni yóò yí padà, ẹni tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́ yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò bára mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n rí i pé olè ti wọ inú ẹ̀rọ kernel.org, níbi tí Linux ń gbé. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà pa fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n ọkàn wọn balẹ̀ lórí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀dà ìtàn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí wa? Rárá. Ìwé owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ àti ìwé ńlá tó wà lọ́wọ́ akápò, kí ni à ń fi wọ́n ṣe? Kí ẹnì kan má bàa lè dá yí ọ̀kan padà kí èkejì má fọhùn ni. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ilé ìtàkùrọ̀sọ náà kò yọ sílẹ̀. Freenode ni ilé IRC tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ open source ń gbé fún ọdún pípẹ́. Àwọn tí ń fi tinútinú ṣiṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni orúkọ náà lábẹ́ òfin, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, wọ́n lọ dá Libera Chat sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ. Àwọn tó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní Freenode pé "a ti kó lọ sí Libera", ṣe ni wọ́n gba yàrá náà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹfà, Freenode bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, gbogbo orúkọ àti yàrá tí àwọn ènìyàn ti forúkọ wọn sílẹ̀ sì di òfo. Ẹgbẹ́ tí ìpinnu rẹ̀ wà lórí íméèlì tàbí nínú Git kó àga rẹ̀ lọ sí ilé tuntun, iṣẹ́ sì ń lọ. Àdírẹ́sì lásán ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdánù.

Àwọn ilé ńlá pàápàá ń ti ilẹ̀kùn. Google ṣí Google Code ní ọdún 2006 fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún 2015 ó kéde pé òun yóò tì í, ó sì tì í ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ó fún wọn lákòókò láti kó ẹrù, a gbọdọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Slack, ilé ìtàkùrọ̀sọ tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò, jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ máa rí ọ̀rọ̀ 10,000 tó kẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ó yí i padà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 90. Ẹgbẹ́ tó jí lọ́jọ́ náà kò rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀ mọ́, àfi kó sanwó. Ohun ọ̀fẹ́ kò burú. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni pé: lọ́jọ́ tí onílé bá ní kí á jáde, kí ni a lè rù lọ?

ÌWÉ TÍ ÀLEJÒ YÓÒ KÀ

Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ kò mọ ibi tí a ti ń gba omi. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ yìí fi ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà ní àrùn kan: ó máa ń gbó. Iṣẹ́ yóò yí padà, ìwé yóò dúró síbi tó wà, yóò sì máa ṣi àlejò lọ́nà. Ohun tí àwọn Linux ṣe ni pé wọ́n fi ìwé wọn sínú àká kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá mú ọ̀nà tuntun wá, wọ́n ń retí pé kó mú àlàyé rẹ̀ dání. Ẹgbẹ́ mìíràn fẹ́ràn wiki, irú ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè ṣí kí ó tún un kọ. Ward Cunningham ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 1995, Wikipedia sì lò ó láti ọdún 2001. Èdè Yorùbá náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Wiki rọrùn láti kọ, kì í sì í gbàgbé ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní olùtọ́jú, igbó ni yóò hù síbẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe Python tún ní àṣà kan tí a fẹ́ kí ẹ jí kó. Láti ọdún 2000, ẹni tó bá fẹ́ àyípadà ńlá gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní PEP: ohun tó fẹ́, ìdí rẹ̀, àti ọ̀nà mìíràn tí ó rò tẹ́lẹ̀ tí kò tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọn kò ní ya á. Wọn yóò kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ sí i, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbà. Mélòó nínú ìwé ìpàdé tiwa ló ń sọ ìdí tí a fi kọ àbá kan? "Ìpàdé kò gbà á", ó tán. Lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹlòmíràn yóò tún gbé àbá kan náà dìde, a óò sì bẹ̀rẹ̀ ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìjà o. Ní ọdún 2018, àríyànjiyàn lórí PEP 572 gùn lórí íméèlì tó bẹ́ẹ̀ tí Guido van Rossum, ẹni tó dá Python sílẹ̀, fi kúrò ní ipò olórí ní oṣù keje. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Ní ọdún 2022, wọ́n kó ìjíròrò wọn kúrò lórí íméèlì lọ sí pátákó ìjíròrò kan tí a ń pè ní Discourse, níbi tó ti rọrùn jù láti ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára òmíràn àti láti bá aláriwo wí. Wọn kò sì ju àwọn íméèlì àtijọ́ nù. Wọ́n ṣì wà níbi tí a ti lè kà wọ́n. Ohun èlò lè yí padà bí ọjọ́ bá ti ń yí padà. Kí a ṣáà má fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ sí ilé àtijọ́.

BÍ A ṢE Ń YÀN

Mozilla, àwọn tí ń ṣe Firefox, fi bí a ṣe ń yàn hàn wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n kéde pé àwọn yóò fi IRC sílẹ̀, nítorí àwọn aláìníwà ń fi í yọ ènìyàn lẹ́nu, ó sì ṣòro fún àlejò láti wọlé. Wọn kò sáré mú èyí tó ń tàn jù. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí àwọn fẹ́ sílẹ̀: kí aláàbọ̀ ara lè lò ó, kí a lè bá oníwàkiwà wí, kí ó má le fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n mú ohun èlò mẹ́rin, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara wọn dán wọn wò, wọ́n gba ohùn wọn, wọ́n sì kéde ní oṣù kejìlá pé Matrix ni àwọn mú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n tó ti IRC pa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan láti ìkéde sí ìtìlẹ̀kùn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ohun tó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn mu lè má bá tiwa mu.

Kí ni ti àwa, tí a kì í kọ ètò kọ̀ǹpútà? A kò sọ pé kí ẹ pa WhatsApp tì. Ìkéde ìpàdé, "ọkọ̀ dé", "ìyá lágbájá ti bímọ", ibẹ̀ náà ni kí ó máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé lónìí kì í bá gbogbo ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá níbẹ̀, ẹni tí kò ní fóònù ńlá kò sí níbẹ̀ rárá, ìdajì inú ilé náà sì wà lábẹ́ ìka ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyí tí àbá wa fi jẹ́ pé kí ìpinnu èyíkéyìí tó bá kan owó má ṣe múlẹ̀ títí a ó fi kà á sókè ní ìpàdé, tí a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ìdí rẹ̀, tí a ó sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ibi tí a ti ń dá owó. Kí ẹ̀dà mìíràn wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé. Ẹgbẹ́ tó bá ní kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà mìíràn lè ṣí.

Ní ti ìyá eléèlùbọ́, ìlọ́po méjì ni ìwé ìpàdé mọ̀, ìlọ́po méjì ni a fi dá ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó lé lórí rẹ̀ di ohun tí ìgbìmọ̀ fúnra wọn yóò lépa lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Kò dùn mọ́ wọn nínú. Alága ní ṣé àtàǹpàkò mọ́kànlélógójì kò jẹ́ nǹkan kan ni? A bi í pé kí ó dárúkọ mẹ́wàá nínú àwọn mọ́kànlélógójì náà fún wa. Ó dárúkọ mẹ́fà, méjì nínú wọn sì dìde pé àwọn kò fi àtàǹpàkò sí nǹkan kan.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀: Bí fóònù akọ̀wé yín bá sọnù lálẹ́ òní, ìpinnu wo ni ẹ kò ní lè fi hàn mọ́? Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tí ọ̀rọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ nìkan, àwọn wo ló sì ń dúró fún ènìyàn nínú wọn? Ọjọ́ mélòó ni ẹ fẹ́ kí àbá tó bá kan owó wà ní ṣíṣí kí ẹ tó dìbò lé e? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa kí ìwé ìròyìn tó ń bọ̀ tó jáde.